Ta ló ni ojú? Ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ìgboro ní Porto

Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn, àwọn kan nínú yín sì ti ń béèrè bóyá ara ni kò yá. Ara yá, ọpẹ́ ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Leeds ló gbé mi rìnrìn àjò. Ó ní bàbá òun pé ọdún 75, òun kò sì ní ra agbádá mìíràn kún èyí tí kòkòrò ń jẹ nínú àpótí. Ó sanwó fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kọ́ni ní fọ́tò yíyà ní ìgboro, ní Porto, ìlú etí odò Douro ní àríwá ilẹ̀ Potogí. Ó tún yá mi ní kámẹ́rà rẹ̀ kékeré kan tí kì í dún rárá téèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí kì í dún yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Èmi tí mo fi ohun tó lé ní ọdún 40 kọ́ni ní ìró àti gbólóhùn, kí ló kàn mí kan fọ́tò? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnì kan bá ti dúró tó ń kọ́ ẹlòmíràn ní nǹkan, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló fi ń kọ́ ọ, iṣẹ́ mi ti débẹ̀. Mo fẹ́ yẹ ẹ̀kọ́ yẹn wò bí mo ṣe máa ń yẹ ìwé wò níbí: ibi tó dára, ibi tó kù díẹ̀ káàtó, àti ibi tí èmi fúnra mi ti ṣìṣe.

Ìlú olókè ni Porto. Ẹni tó bá ti gun Òkè Mápó lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ilé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fara ti ara wọn láti orí òkè títí dé etí odò ní Ribeira, aṣọ fífọ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé. Ní òdì kejì odò ni Vila Nova de Gaia wà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń tọ́jú wáìnì tó ń jẹ́ orúkọ ìlú náà sínú àgbá. Afárá irin Dom Luís I ló so méjèèjì pọ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n ṣí i. Théophile Seyrig, tó ti bá Eiffel ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ló ya àwòrán rẹ̀, ìtẹ̀kọrọdọ irin rẹ̀ sì gùn ní mítà 172. Àjà méjì ni afárá náà ní, ọkọ̀ ojú irin ń gba ti òkè. Ní 1996, UNESCO kọ àárín gbùngbùn ìlú yìí mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé, láti ìgbà náà ni àwa arìnrìn-àjò sì ti ń wọ́ tìtì lọ síbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ sọ fún mi pé owó ilé ti lé àwọn aládùúgbò wọn lọ, pé fèrèsé tí ẹ bá rí tí kò sí aṣọ níbẹ̀, àlejò ló ń sùn síbẹ̀. Ìyẹn yà mí lẹ́nu díẹ̀, torí aṣọ ojú fèrèsé gan-an ni àwa mẹ́sàn-án tí a wà nínú ẹgbẹ́ wá yà.

Afinimọ̀nà wa, ará Ìlú Ọba kan tó ti ń gbé níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ohun tó dára jù tó kọ́ wa ni pé kí a yéé sáré tẹ̀lé èèyàn. Ó mú wa lọ sí àtẹ̀gùn Guindais, èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó fi ìlà oòrùn kan hàn wá lára ògiri, ó ní, "Ẹ dúró síbí. Ẹ má lépa èèyàn, ẹ jẹ́ kí èèyàn wá bá ìmọ́lẹ̀." A dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Ológbò kan kọjá, ọkùnrin kan tó gbé búrẹ́dì kọjá, lẹ́yìn náà oòrùn yẹ̀. Orúnkún mi ń ké, ṣùgbọ́n mo rí nǹkan ní ogójì ìṣẹ́jú yẹn tí mi ò bá má rí láéláé. Ẹni tó bá lè mú kí àgbàlagbà wo ògiri fún ogójì ìṣẹ́jú láìsùn, olùkọ́ ni.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mira lórí ìjókòó ni ibùdókọ̀ ojú irin São Bento. Ẹ̀yin tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé gbogbo ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀ ló jẹ́ àwo pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù àti funfun, bíi 20,000, tí Jorge Colaço yàwòrán sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Afinimọ̀nà wa ní kí a fi ṣe ẹ̀yìn fọ́tò, kí a dúró de ẹni tí ara rẹ̀ máa dúdú níwájú búlúù. Kò sọ ohun tó wà nínú àwòrán náà fún wa. Ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi níbẹ̀, ìṣẹ́gun Ceuta ní 1415 ni: àwọn Potogí sọdá òkun lọ gba ìlú kan ní etíkun Áfíríkà, ọmọba Henrique, tí wọ́n bí ní Porto yìí kan náà ní 1394, sì wà láàárín wọn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là dé etíkun tiwa, tí a fi ń pe Èkó ní orúkọ Potogí títí dòní. (Colaço fúnra rẹ̀, Tangier ní ilẹ̀ Mòrókò ni wọ́n bí i sí. Ayé yìí rọ̀gbà.) Nígbà tí mò ń ronú èyí, ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan gba iwájú àwòrán náà kọjá pẹ̀lú garawa àti ìgbálẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́ta gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ní alẹ́, wọ́n fi í hàn wá lójú kọ̀ǹpútà: òjìji dúdú tí kò ní ojú, níwájú búlúù. Gbogbo wọn ní ó dára. Ó dára lóòótọ́ bí òǹtẹ̀ ṣe ń dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú fọ́tò tí ìbá jẹ́ ká ní ẹni tó yà á mọ̀ pé ẹ̀yìn Ceuta ni ọkùnrin náà dúró sí, ká ní ó sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn. Wọ́n fi ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà ṣe kọ́tìnnì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí afinimọ̀nà wa kì í jẹ́ kó jìnnà sí ẹnu: "the decisive moment". Ó ní Henri Cartier-Bresson ló sọ ọ́, pé ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo wà tí ohun gbogbo máa ń bọ́ sípò, pé ẹni tó bá dúró láti béèrè ti pàdánù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí a máa yà láti ìbàdí, kí a má gbé kámẹ́rà dé ojú, kí ẹni tí à ń yà má baà mọ̀. Níbí ni mo ti ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ èdè dé.

Ìwé Cartier-Bresson tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1952 ní orúkọ méjì. Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní *The Decisive Moment*. Ní èdè Faransé tí í ṣe èdè ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, *Images à la sauvette* ni wọ́n pè é. Kí ni "à la sauvette"? Ọ̀rọ̀ ìgboro ni. Bí àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní Ọ̀shòdì láìní ìwé àṣẹ ṣe ń tajà ni: ojú kan lára oníbàárà, ojú kejì lára agbófinró, wọ́n sì ti múra tán láti ká ẹrù sálọ. Irú ọjà títà bẹ́ẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé orúkọ méjèèjì sójú ìwọ̀n. Èkíní sọ ayàwòrán di babaláwo tó mọ wákàtí tí nǹkan máa ṣẹ. Èkejì gbà pé ohun tí òun ń ṣe kò ní ìwé àṣẹ, pé ó yẹ kí ẹsẹ̀ òun ti wà lọ́nà. Mi ò sọ pé ọ̀kan jẹ́ irọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ wa gba èrè orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ju ìtìjú orúkọ Faransé nù. Afinimọ̀nà wa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Professor, ẹ jẹ́ kí a máa lọ, ìmọ́lẹ̀ ń lọ." Òótọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ ń lọ.

Ibi tó mú wa lọ nìyí. Ní etí odò, níbi tí ògiri Ribeira ti sún mọ́ afárá, àwòrán idẹ kan wà lára ògiri tí wọ́n ń pè ní Alminhas da Ponte, àwọn ọkàn kéékèèké ti orí afárá. Kó tó di pé irin dé, àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe afárá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 1809, ọmọ ogun Faransé lábẹ́ ọ̀gágun Soult ya wọ ìlú, àwọn èèyàn sá gba orí afárá ọkọ̀ náà, ó sì já. Àìmọye èèyàn ló bómi lọ. Títí di òní, ó ju igba ọdún lọ, àwọn ará àdúgbò ṣì ń tan àbẹ́là níwájú àwòrán yẹn.

Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ó so aṣọ ìdáná mọ́ ìbàdí, ó dà bí ẹni tó kàn jáde kúrò nídìí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ń tan àbẹ́là, afẹ́fẹ́ odò ń pa á, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Ẹgbẹ́ wa tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ Faransé yangàn láti àárọ̀, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà wà láyà mi, ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là gba àárín ìka rẹ̀ jáde bọ́ sí i lójú. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún. Kò mọ̀.

Bí mo ṣe sọ fún yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà mí láàmú lórí rẹ̀, torí mi ò rò pé òfin ni. Òfin ilẹ̀ Potogí ní ọ̀rọ̀ sọ: abala 79 nínú ìwé òfin aráàlú wọn ti 1966 ní kò sí ẹni tó lè gbé àwòrán èèyàn síta tàbí kó tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àmọ́ ó tún yọ àwọn àwòrán kan sílẹ̀, títí kan èyí tó jẹ́ pé ibi ìta gbangba ni èèyàn náà wà nínú rẹ̀. Afinimọ̀nà wa mọ abala náà dáadáa, apá tó yọni sílẹ̀ ló sì mọ̀ jù. Kò burú, amọ̀fin ni kó bá a fà á.

Èdè ló ń dà mí láàmú. Gẹ̀ẹ́sì ní "take", wọ́n tún ní "shoot", bí ìgbà tí a bá mú nǹkan tàbí tí a yìnbọn. Potogí ní "tirar", ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń yọ eyín, tí wọ́n fi ń bọ́ aṣọ. Yorùbá ní "yà", bí ẹni ya ilà tàbí ya àwòrán sára igbá. Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Mo ya fọ́tò lánàá." Ta ló di kámẹ́rà mú? Ẹ ò lè mọ̀. Ó lè jẹ́ èmi ni mo di kámẹ́rà mú, ó sì lè jẹ́ èmi ni mo jókòó níwájú rẹ̀. Ìyá mi kò fọwọ́ kan kámẹ́rà rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ó ya fọ́tò láyé rẹ̀! Bákan náà la ṣe ń sọ pé "mo gẹ irun", "mo di irun", "mo rán aṣọ", nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló di abẹ tàbí abẹ́rẹ́ mú. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹni tó gbé ara rẹ̀ wá, tó múra, tó sanwó, òun ni gírámà wa fi ṣe olùwà. Onífọ́tò dà bí onígbàjámọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń sọ pé "mo fẹ́ lọ snap" náà kò yí padà. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi gírámà ìyá wọn lò ó.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, ìyá mi mú mi lọ ya fọ́tò. A ti dé ọ̀dọ̀ onífọ́tò, a ti jókòó síwájú kọ́tìnnì tí wọ́n ya ilé alájà sí, kí ìyá mi tó wo dígí, kó ní gèlè yìí kọ́. A padà sílé. Ó wé òmíràn. A tún rìn padà nínú oòrùn. Onífọ́tò kò bínú, ó gbé ọwọ́ wa lé orúnkún, ó ní kí a má mira. Ní 1978, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn *African Arts* lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ó sì rí i pé ìjókòó yìí, pẹ̀lú ojú tó kọ síwájú gbọnrangandan, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹni tó jókòó yẹn ló ń sọ bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rántí òun.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọmọkùnrin orí afárá kí n tó parí. Lórí àjà ìsàlẹ̀ afárá Dom Luís, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń gun irin, wọ́n á ní àwọn fẹ́ bẹ́ sómi. Wọn kì í bẹ́ o! Wọ́n á dúró, wọ́n á wo kámẹ́rà, ọ̀kan nínú wọn á gbé fìlà kiri. Ìgbà tí owó bá tó ni wọn yóò bẹ́. Inú bí afinimọ̀nà wa, ó ní wọ́n ti ba nǹkan jẹ́, pé ìyẹn kì í ṣe ìgbésí ayé gidi mọ́. Lójú tèmi, àwọn nìkan ló lóye òwò tó ń lọ níbẹ̀ ní gbogbo Ribeira. Mo fi yúrò méjì sínú fìlà.

Àbùkù ẹ̀kọ́ náà tó dùn mí jù lẹ́yìn ti Ceuta ni pé ọjọ́ mẹ́ta la fi rìn kọjá níwájú Centro Português de Fotografia tí a kò wọlé. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé náà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Camilo Castelo Branco mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó oníyàwó, ibẹ̀ ló sì ti kọ *Amor de Perdição*. Láti 1997 ló ti di ilé ìtọ́jú fọ́tò. Èmi nìkan ni mo lọ. Ẹ ronú sí i: wọ́n kó àwọn kámẹ́rà àtijọ́ sí ibi tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń kọ́ni ní fọ́tò sì gba iwájú rẹ̀ kọjá nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń lọ. Ọmọ Porto náà ni Aurélio da Paz dos Reis, tó ń ta òdòdó, tó sì ń ya fọ́tò, tó gbé ẹ̀rọ síwájú ilé iṣẹ́ ìránṣọ Confiança ní 1896, tó fi ya sinimá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde. Ọmọ ìlú tó ń ya ará ìlú ni. A kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, a jókòó sí ilé oúnjẹ kan, oníkálukú fi fọ́tò mẹ́wàá hàn, a sì dìbò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jọra wọn bí ẹyin: òjìji lára ògiri, aṣọ ojú fèrèsé, agboorun nínú òjò tí kò rọ̀ tó. Nọ́ọ̀sì kan láti Netherlands ní ọ̀kan tó wù mí, ọmọbìnrin kan tó ń sùn ti èjìká bàbá rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá náà kó tó yà á, ọmọ sì ń sùn lọ. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìyá alábẹ́là, tèmi, ló gba ipò kìíní. Ìbò mẹ́jọ. Mi ò lè purọ́ fún yín pé kò dára. Ó dára ju ohunkóhun tí mo ti fọwọ́ ṣe rí tí kì í ṣe ìwé. Afinimọ̀nà wa ní òun máa gbé e sójú ewé ilé iṣẹ́ òun. Mo ní kó fún mi di ọ̀sán ọ̀la.

Láàárọ̀, mo lọ fọ fọ́tò náà ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo mú un lọ sí Ribeira. Potogí tí mo kọ́ ní Salvador ní Bràsíìlì lọ́dún tí mo lọ kọ́ni níbẹ̀ ti di ìpata, ṣùgbọ́n ó tó béèrè ọ̀nà. Obìnrin kan tó ń ta èso wo fọ́tò, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan, ó pariwo orúkọ. Ìyá náà jáde. Mo kí wọn, mo ní èmi ni mo yà wọ́n níjẹta láìsọ fún wọn, pé mo wá tọrọ gáfárà. Wọ́n gba fọ́tò, wọ́n nà án jìnnà sójú bí èmi náà ṣe máa ń ṣe tí mi ò bá rí awò mi. Wọ́n wò ó títí. Wọn ò bínú rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ti bọ́ aṣọ ìdáná yìí."

Wọ́n wọlé lọ. Mo dúró lójú ọ̀nà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ti ya irun, wọ́n ti wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, yẹtí wà létí wọn. Wọ́n dúró síwájú ilẹ̀kùn wọn, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì jọ síwájú, wọ́n wo inú kámẹ́rà gbọnrangandan. Ọ̀sán gangan ni, ìmọ́lẹ̀ ti le, kò sí òjìji kankan tó dára. Mo gbé kámẹ́rà dé ojú, mo yà wọ́n.

Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí wọn, ẹ̀dà méjì, wọ́n ní ọmọ wọn kan wà ní Faransé. Ti alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní kí afinimọ̀nà má gbé e jáde, kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó gbà. Bí ojú ayàwòrán ni mo bá fi wò ó, fọ́tò kejì kò tó èkíní; mo ti gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà, kò tó o. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa kọ̀wé sí mi pé kí n fi méjèèjì síbí kí ẹ fojú ara yín rí i. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá nípa ìyẹn náà kí n tó kúrò. Wọ́n ní kí n má fi ti aṣọ ìdáná han ẹnikẹ́ni.